Ìṣirò Tí Tísà Akíndélé Kì Í Ṣe Mọ́

Ní àdúgbò Igbona ní Òṣogbo, bí ẹ bá béèrè ilé Nehemiah Akíndélé, wọn á kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ní Tísà Onídán lẹ ń wá, ọmọdé tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Irun orí rẹ̀ ti funfun, orúnkún rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé àga síta nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò lọ́nà. Ọlọ́kadà kan a dúró, a ní, "Tísà, ẹ fún wa ní idán kan!" Obìnrin tó ti di ìyá ọlọ́mọ wẹẹrẹ a sọ ẹrù kalẹ̀, a kúnlẹ̀ kí i, a ní, "Sà, ṣé ẹ rántí búrẹ́dì?" Bàbá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi dé ojú rẹ̀.

Ó rántí búrẹ́dì dáadáa. Ọdún yẹn, àwọn ọmọ kíláàsì kejì kọ̀ jálẹ̀ pé ìdá kò yé àwọn, ó sì ti kọ ọ́ sí pátákó títí ṣọ́ọ̀kì fi tán. Ló bá ra odidi búrẹ́dì kan wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó gé e sí méjì, ó tún gé e, ó tún gé e, ó na ègé kan sókè, ó ní kí ẹni tó bá mọ ìdá tó wà lọ́wọ́ òun wá gbà á. Ẹni tó bá gbà á, ó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ṣì í, Tísà ló ń bá a jẹ tirẹ̀ níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú ìgbádùn. Kí aago tó lù, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tí kò mọ ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ebi máa ń kọ́ni ní ìṣirò ju pàṣán lọ.

Lọ́jọ́ mìíràn ó pe Kàmál, géńdé kíláàsì, ẹni tó máa ń fi eyín ṣí ìdérí ìgò. Ó fún un ní bébà kan ṣoṣo, ó ní kó ká a sí méjì, kó tún ká a, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ péré. Kàmál fi ẹnu ṣe "pṣẹ̀ẹ̀", ó bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta lọ, ìkẹrin lọ. Nígbà tó dé ìkeje, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó jókòó lé bébà lórí, bébà kọ̀. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì. Ìgbà náà ni Tísà wá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi hàn wọ́n bí ọ̀kan ṣe ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, títí ó fi di ìpele méjìdínláàádóje lábẹ́ ìdí Kàmál. Títí di òní, bí Kàmál bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ní Igbona, á fọn fèrè, á ní, "Tísà, bébà yẹn ò tíì ká o!"

Ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Kò gbàgbọ́ pé ọmọ lè kọ́ ohun tí kò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ó lè gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí wọ́n bá ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè fi àṣírí sínú páálí ìṣáná, kó ní, "Ohun tó wà nínú èyí, n ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a óò mú un kí ilẹ̀ òní tó ṣú." Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ áljẹ́brà láìmọ̀ pé òun ni. Lónìí, gbogbo ọmọ ló ní fóònù, fóònù ló ń bá wọn ṣe ìṣirò, Tísà kò sì bínú sí fóònù. Àárò ariwo kíláàsì nìkan ló ń sọ ọ́, ariwo "háà!" yẹn tó máa ń gba àárín wọn kọjá nígbà tí ìdáhùn bá yọ. Ó ń sọ ọ́ gan-an ni.

Ṣùgbọ́n idán kan wà tí wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ títí tí kì í ṣe. "Sà, èyí tí ẹ fi ń mọ iye àwọn ará ilé ẹni ńkọ́?" Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀, ẹ̀rín á kúrò lójú rẹ̀. Á ní òun kò ṣe ìyẹn mọ́.

Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yani lẹ́nu. Iléṣà ló ti kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí kò mọ̀ọ́kọ tí kò mọ̀ọ́kà, obì ló ń tà. Márùn-ún márùn-ún ló fi ń kà á sínú agbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, ẹnu rẹ̀ á máa bá oníbàárà ṣàwàdà, kò sì ní fi ẹyọ kan ṣì. Á di obì sọ́wọ́, á ní, "Nehemiah, mélòó ló wà níbí?" Bí ọmọ bá ti dáhùn tán, ìyá á ṣí ọwọ́, ọ̀kan á ti dín, ó ti yọ́ ọ sábẹ́ ìró. Ìyá yìí kan náà, tó lè ka odidi agbọ̀n obì kí ènìyàn tó mu omi tán, bí àlejò bá bi í pé ọmọ mélòó ló bí, ojú rẹ̀ á le. "Olúwa ló ni wọ́n, òun ló mọ iye wọn." A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nehemiah gbọ́ ọ ní kékeré títí ó fi sú u. Àmọ́ nígbà tí ìwé bá kún orí tán, ẹ̀kọ́ ilé a máa wá ibòmíràn jókòó sí.

Ó di ọdún kejìlá báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí ojú irin ní Òṣogbo ló ti ń kọ́ni nígbà náà, ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Nínú kíláàsì kẹta rẹ̀, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rùkáyà, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó kéré, kì í sọ̀rọ̀, iwájú ló ń jókòó sí. Bí Tísà bá ti bẹ̀rẹ̀ idán, àwọn yòókù á la ẹnu sílẹ̀, Rùkáyà á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wá ibi tó gbé e gbà. Nígbà tí kíláàsì bá ń pariwo, òun á gbé ìwé rẹ̀ wá jẹ́jẹ́, yóò ti rí àṣírí rẹ̀. Tísà ti kọ́ni fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹni pé òun ló bí i. Ìdánwò tó máa gbé wọn wọ kíláàsì àgbà ń bọ̀ lọ́dún náà, ó sì ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọ yìí ló máa gba ipò kìíní.

Ọjọ́ Tuesday ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ìsinmi gígùn. Kíláàsì ti rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tísà pa ìwé dé.

"Ẹ kọ iye arákùnrin tí ẹ ní sílẹ̀," ló wí. "Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ fi mẹ́ta kún un. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹ wá fi iye arábìnrin yín lé e. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ sọ fún mi, màá sọ ìdílé yín fún yín."

Oyèbọ̀dé ló kọ́kọ́ dìde. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, sà."

"Arákùnrin kan, arábìnrin mẹ́rin. Abájọ tí o kì í fi í fọ abọ́."

Kíláàsì hó yèè. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Tísà ń fi ọkàn yọ kúrò nínú iye tí wọ́n bá sọ. Nínú ohun tó bá kù, nọ́ńbà tó ṣíwájú ni ọkùnrin, èyí tó tẹ̀lé e ni obìnrin. Ọmọ mẹ́fà, ọmọ méje ló dìde, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan Rùkáyà.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta, sà."

"Arákùnrin mẹ́ta, arábìnrin méjì!"

"Irọ́ ni, sà!" Kàósárà ló pariwo láti ẹ̀yìn, ọmọ tí ilé tiwọn àti ti Rùkáyà jọ kọjú síra. "Ọkùnrin méjì ni wọ́n ní. Mo mọ gbogbo wọn."

Ẹ̀yin èèyàn, kíláàsì dà rú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ tí idán Tísà máa kùnà. Ẹnìkan gun orí bẹ́ǹṣì. Ìgbéraga wá gun Tísà náà. Ohun tó máa ń ṣe àwọn ọlọgbọ́n nìyẹn.

"Idán mi kì í kùnà," ló wí. "Ẹni tó bá da àgbàdo sórí ọlọ, ṣé èlùbọ́ ló máa bá níbẹ̀? Rùkáyà, o ṣì í. Jáde wá, wá tún un ṣe lójú pátákó."

Rùkáyà jáde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ méjì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ mẹ́rin, ó kọ méje, ó kọ márùndínlógójì, ó fi méjì lé e.

"Mẹ́tàdínlógójì, sà." Ohùn rẹ̀ kò kọjá ìlà kìíní.

"Ẹ̀hẹ́ẹ̀n! Ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Rùkáyà padà sí àyè rẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì, kò sì gbé e sókè títí aago fi lù. Tísà rò pé ìtìjú ẹni tó ṣi ìṣirò ni.

Ní àkókò ìsinmi ni Kàósárà wá bá a, ó ń wo ilẹ̀. "Sà, mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o. Bùrọ̀dá Mùíbì kú nínú ọlidé yìí. N ò mọ̀ pé ó ka bùrọ̀dá mọ́ wọn."

Tísà yíjú sí pátákó. Méjì tí ọmọ náà kọ ṣì wà níbẹ̀, ó kéré, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá yé e. Òun ló mú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá dúró níwájú ogójì ènìyàn, tó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò, tó tún ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tutù sínú abọ́.

Rùkáyà kò wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Thursday, Kàósárà mú iṣẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà: wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń ka ọmọ ọlọ́mọ, ìkankan nínú ọmọ tó kù sí àwọn lọ́wọ́ kò ní débẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìkirè, kó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Kò sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n Tísà mọ ohun tó wà lórí ọmọ yẹn, ó sì mọ̀ pé bó bá ti wọkọ̀ Ìkirè, ó tán.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ní kó fi wọ́n sílẹ̀, pé ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni, pé ọmọ kan ṣoṣo kọ́ ni kíláàsì. Tísà dìde dúró. Bí inú bá bí i, Ìjẹ̀ṣà tó wà nínú rẹ̀ a máa yọ síta. "Uṣẹ́ mi ni, sà," ló fi dáhùn, ó sì jáde.

Susannah ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílé, kò bá a wí. Ó kàn ní, "Bàbá Tiwà, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì mú idán kankan lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Friday, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyá àgbà, Nọ́síràtù lorúkọ wọn, wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba. Tísà dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́. Màmá bó ẹ̀gúsí bí ogún kó tó gbọ́ pé kóun dìde.

"Ẹ̀yin ni Tísà tó ń ka ọmọ ọlọ́mọ?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ dárí jì mí. Ẹ kú ìrọ́jú Mùíbì. N ò gbọ́ ni."

"Ẹ ò gbọ́. Ẹ ò sì béèrè."

Ó jókòó lórí àpótí, ó fa àtẹ ẹ̀gúsí mọ́ra, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbìyànjú láti ṣàlàyé: pé ìṣirò lásán ni, pé kò sí ohun tó pamọ́ níbẹ̀, pé nọ́ńbà kan ni wọ́n ń yọ kúrò nínú òmíràn.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Tísà, mo ti gbọ́. Kíkà yẹn dùn mí, àgbà ni mí, wọn ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló jẹ́ kí n ní kí ọmọ yìí jókòó sílé. Láti ọjọ́ tí Mùíbì ti kú, Rùkáyà ò pe orúkọ rẹ̀ rí. A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, kò sọ̀rọ̀. A ṣe ti ogójì, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́kọ́ kà á mọ́ wa. Ẹ ní ó ṣì í."

Tísà mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó bó o.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" Màmá ń bá ẹ̀gúsí wọn lọ. "Mo mọ̀ pé a kì í béèrè. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi wá. Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ó la ẹnu láti sọ pé ọ̀kan. Ọ̀kan ló ti ń kọ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, ọ̀kan ló ti ń kọ sínú ìwé ìjọ, láti ọdún méjìdínlógún. Tiwátọ́pẹ́ ni, ó wà ní yunifásítì Ifẹ̀, kò sì sí òmíràn nílé. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó kọ̀.

"Méjì, Màmá," ló wí. "Ìléríolúwa ni àkọ́bí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà mú un lọ. Iléṣà ni wọ́n sin ín sí. Wọn ò jẹ́ kí n débẹ̀, wọ́n ní bàbá kì í mọ ibojì ọmọ."

"Bàbá Ìlérí ni wọ́n ń pè yín nígbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kú, àwọn ará ilé yí i padà sí Bàbá Tiwà. Wọn ò fẹ́ kó máa dùn wá."

"Ó sì ń dùn yín."

"Ó ń dùn wá, Màmá."

Ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Géńdé ọkùnrin, olùkọ́ àgbà, tó ń sunkún lórí àtẹ ẹ̀gúsí lọ́sàn-án gangan. Màmá Nọ́síràtù kò ní kó dákẹ́, kò ní kó ṣe ọkàn akin. Wọ́n fi ìpẹ̀kun ìró nu ojú tiwọn náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sun ún tẹ́rùn. Nígbà tó gbé ojú sókè, Rùkáyà dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá, ó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti débẹ̀.

"Ó máa wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni Màmá wí. "Èmi ni màá ránṣẹ́ sí Ìkirè. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti yọ ọmọ mi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá a padà. Lójú gbogbo wọn. Bí ẹ ò bá ṣe é, màá gbọ́."

Ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, Nehemiah Akíndélé kò tíì sọ fún kíláàsì kankan rí pé òun ṣì í. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yí i gba ẹ̀yìn; á ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, láti mọ ẹni tó lójú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí gbogbo olùkọ́. Ó nu pátákó mọ́ tónítóní. Ó kọ mẹ́tàdínláàádọ́ta sí àárín rẹ̀, ńlá.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rùkáyà sọ fún mi pé iye rẹ̀ nìyí," ló wí. "Mo ní ó ṣì í, mo sì ní kí ẹ pàtẹ́wọ́. Kò ṣì í. Èmi tí mò ń kọ́ yín ni mo ṣì í. Àwọn tó wà nílé nìkan ni mo rò pé ó yẹ kéèyàn kà." Ó na ṣọ́ọ̀kì sí iwájú. "Rùkáyà, bó bá wù ọ́, wá parí rẹ̀ fún wa. Bí kò bá wù ọ́, jókòó."

Rùkáyà dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé òun ni wọ́n ń yọ, ó kọ méjìlélọ́gbọ̀n sábẹ́ ìlà.

"Arákùnrin mélòó?" Tísà béèrè.

"Mẹ́ta, sà," ni Rùkáyà wí, ó sì kọjú sí gbogbo kíláàsì. "Mùíbì ni àgbà wọn."

Ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá fi gbọ́.